Èsì: “Agbára mímọ́” kọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kaduna fi ìwé ìléwọ́ kan ránṣẹ́ sí wa, èyí tí àwọn kan ń pín kiri Nyanya àti Lugbe níbí, pé kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Abuja bá wọn bẹ àwọn aṣòfin nítorí “agbára mímọ́”, ìyẹn ohun tí Òyìnbó ń pè ní “clean energy”, iná tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà káre, ó ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Mo pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó tó gẹ́ẹ́.

Èmi náà gba ìwé yẹn ní ibùdókọ̀ Nyanya. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba tiẹ̀, ó kà á tán, ó bi ọmọ tó ń pín in pé: “Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni, ọmọ mi? Ìgbà wo ni ìsọjí náà?” Bàbá kan tó wé láwàní dá tiẹ̀ padà jẹ́jẹ́, ó ní Mùsùlùmí lòun, kí wọ́n má bínú. Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà nínú wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fèsì sí.

Ẹ̀gbọ́n ti kọ ojú ìwé kan gbáko lórí gírámà rẹ̀, pé mọ́ ni ọ̀rọ̀ ìṣe, pé àpètúnpè ló sọ ọ́ di mímọ́, bí dára ṣe ń di dídára. Ta ló jiyàn? Gírámà ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ wà lára “mí” kékeré tó wà níwájú mímọ́ yẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ jókòó, kò sì jáde mọ́: Ẹ̀mí Mímọ́, Ìwé Mímọ́, ibi mímọ́. Ẹ wo omi. Omi tó mọ́ là ń mu, omi mímọ́ ni fáda ń wọ́n. Bí mo bá ní kí ọmọ mi bu omi mímọ́ fún mi mu, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí mi wò bóyá ibà ni.

Àwọn tó tẹ ìwé náà kò tiẹ̀ fi àmì ohùn sí i. “Agbara mimo” ni wọ́n kọ gàdàgbà sí òkè. Mímọ́ ni àbí mímọ̀? Àbí mímọ, bí ẹni mọ odi? Èyí tó burú jù ni pé láìsí àmì, agbára àti àgbàrá ò yàtọ̀ síra. Ẹ gbé ìyẹn lọ fún ará Lugbe lásìkò òjò, ẹni tó ń fi korobá gbọ́n omi kúrò ní pálọ̀, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kó bá yín jà fún àgbàrá mímọ́. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un, ẹ̀yin wá ní kí onílé lọ bẹ̀ ẹ́ wá!

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tí a jọ ń gbé ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láìjà. Ẹ tan rédíò Háúsá. Tsafta ni wọ́n ń lò fún ìmọ́tótó, tsarki sì wà lọ́tọ̀ fún ti Ọlọ́run. Makamashi mai tsafta ni wọ́n ń pe ohun tí à ń wí yìí. Àwa tí a ní mọ́, tó mọ́, mímọ́, ìmọ́tótó àti mọ́ gaara, èyí tó wà lórí pẹpẹ la lọ mú. Ẹnìkan tún dá a lábàá lánàá pé “agbára onímọ̀ọ́tótó”. Ìyẹn ti wẹ̀, ó ti fọ eyín, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé ìwé.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà. Lóṣù tó kọjá èmi ni mo gbé “iná aláìléèéfín” kalẹ̀ níbí, inú mi sì dùn sí i. Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Ìlọrin ló bì í wó. Wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìdáná, kí n tan gáàsì, kí n wá èéfín jáde fún àwọn. Èéfín dà? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ káábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná ń gòkè, ojú ni kò rí i. Wọ́n gbá mi mú, mo sì ti ká ọ̀rọ̀ mi kúrò ńlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn tó bí wa ṣe ń ṣe é. Láti Ọ̀fà ni bàbá mi ti bá iṣẹ́ dáàmù Kainji lọ, nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n láàárín 1964 sí 1968. Iná olómi ni àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ń pe iná tó ti inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n má baà kó o pọ̀ mọ́ iná ẹlẹ́ńjìnnì tó ń pariwo ní bárékè wọn. Ohun tó ń gbé iná náà ró ni wọ́n wò kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní mímọ́ níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀? Ojú wọn ni omi ṣe bo Busa àtijọ́, tí èèyàn tó lé ní 40,000 kó ẹrù kúrò ní ìlú àti abúlé wọn. Bàbá mi a máa ní àwọn kan ń bu erùpẹ̀ orí ibojì bàbá wọn sínú igbá kí wọ́n tó wọ lọ́rì. Iná tó ṣe bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa títí dòní, mi ò bú u, ṣùgbọ́n ẹ má dé e ní fìlà bíṣọ́ọ̀bù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a máa pè é ní iná àìjẹpo. Gbogbo wa la máa ń ní jẹnẹrétọ̀ ń jẹpo, pé ọkọ̀ yìí ń jẹpo jù. Ẹni tó ń ra epo nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023 kò nílò kí a túmọ̀ àìjẹpo fún un. Oòrùn kì í jẹpo, afẹ́fẹ́ kì í jẹpo, iná olómi kì í jẹpo. A tilẹ̀ ti ní Ọbàtálá aláṣọ funfun tí kì í jẹ epo. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ó ní mo sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá kó sí ojúbọ. Ẹ wí i, mo ń gbọ́. Ní ti gáàsì, èyí tí wọ́n ń jó dànù ní Niger Delta, inú kàǹga epo ló ti ń bá epo jáde, nítorí náà mo kà á mọ́ epo. Èédú Enugu, tí kì í ṣe epo àmọ́ tó ń tú káábọ́ọ̀nù sílẹ̀, ni mi ò tíì rí ibi fi sí. Bí Àǹtí bá tún fẹ́ bì mí wó, ibẹ̀ ni kí wọ́n gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ aṣòfin wá ńkọ́? Ìwé náà ní kí wọ́n “sọ àbádòfin àyípadà ojú ọjọ́ di òfin”. Háà! Buhari ti fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2021. Àbá tí ń lọ di òfin ni àbádòfin, ẹ kì í pe ìyàwó tó ti bímọ méjì ní àfẹ́sọ́nà. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa béèrè wà nínú òfin yẹn gan-an: ó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́. Ẹ lọ béèrè ẹni yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Òfin náà tún ní láàárín 2050 sí 2070, káábọ́ọ̀nù tí a ń tú sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ lè gbà padà lọ. 2060 ni Buhari fúnra rẹ̀ dá níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow. “Net zero” ni Òyìnbó ń pe ìyẹn. Ẹ wo bí ìwé ìléwọ́ ṣe kọ ìyẹn: “odo awon”. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ gbọ́ “net”, ó ro àwọ̀n apẹja. Ní New Bussa, ìlú tí wọ́n kọ́ rọ́pò Busa àtijọ́ tí omi bò, wọ́n á gbà pé odò ni, wọ́n á sì gbé àwọ̀n wá lóòótọ́.

Mo rí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àwa tí a ń gbé òkè Ọya kò gbọ́ Yorùbá mọ́, Háúsá ti ra wá níyè. Ogójì ọdún ni bàbá mi lò lókè Ọya, orí oríkì ló sì kú sí. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ ki ti ilé tiẹ̀ síbí ní ìlà mẹ́wàá, láìlọ wò ó níbì kankan, ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí mo padà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà, mo nàka sí páńẹ́lì tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwọn, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe irú iná yẹn. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Sólà ni. Kí lẹ tún fẹ́ kí n máa pè é?”

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dá mi lóhùn o.