Ẹ jọ̀ọ́, páànù tí mo yà nínú FreeCAD ń gùn jù lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ la máa ń ṣe. Ìbòrí bẹ́líìtì rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Páànù 2 mm ni, ìdí rẹ̀ 100 mm, apá méjèèjì 50 mm, títẹ̀ 90° lẹ́ẹ̀mejì. Nínú FreeCAD (ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya iṣẹ́), mo fi K-factor (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí páànù kò ti nà tí kò sì sún kì nínú sísanra rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́) sí 0.44, radius inú (bí igun inú ṣe rí róbótó tó) sí 2 mm. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ níbẹ̀, gígùn rẹ̀ di 193.05 mm, bẹ́ẹ̀ náà la sì gé e. A tẹ̀ ẹ́ tán, apá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 52 mm, ihò bóòtì ò bá ara wọn mu mọ́.

Mo wá wo igun inú rẹ̀ dáadáa, kò mú rárá. Mo fi ìdí bíìtì dírìlì 8 mm síbẹ̀, ó jókòó pé, ìyẹn ni pé radius rẹ̀ tó 4 mm. Ẹnu irin ìsàlẹ̀ tí a ń tẹ̀ ẹ́ lé fẹ̀ tó 24 mm.

Ṣé ẹnu irin yẹn ló fa èyí? Ṣé kí n yí radius sí 4 mm, àbí K-factor ni kí n dín kù? Ọ̀gá mi ní kí n ṣáà máa gé 2 mm kúrò, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á: tó bá di páànù 3 mm ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ìbòrí 6 ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì gé.