Kí ni à ń dáàbò bò nínú "ààbò ojú-ọjọ́"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Bọ̀ọ̀dá wa tó kọ̀wé láti Iléṣà ní "ààbò ojú-ọjọ́" ni kí a máa pe ọ̀rọ̀ àyípadà ojú-ọjọ́ tó ń da àlàáfíà àwọn orílẹ̀-èdè rú. Ẹ má bínú sà, n kò fara mọ́ ọn rárá. Bí a bá ní "ààbò ìlú", ìlú là ń ṣọ́. "Ààbò ẹ̀mí àti dúkìá" ńkọ́? Ẹ̀mí àti dúkìá ni a kò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹni tó bá wá gbọ́ "ààbò ojú-ọjọ́", ojú-ọjọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò rò pé ewu ń wu, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ni ewu ń wu.

Lóṣù kẹrin 2007 ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí àga alága nígbà náà. Nígbà tí Niger àti Ireland gbé àbá wá lóṣù kejìlá 2021 pé kí ìgbìmọ̀ náà máa ka àyípadà ojú-ọjọ́ mọ́ ohun tó ń fa ìjà, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí i. Ṣáínà kò dá sí i. Íńdíà kọ̀ ọ́, ó ní ibi tí gbogbo ayé ti ń jíròrò ojú-ọjọ́ ló yẹ kó wà. Rọ́ṣíà, tó wà lára àwọn márùn-ún tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lè dá àbá dúró, ló wá wọ́gi lé e. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni bóyá ewu yìí kan àlàáfíà tàbí kò kàn án. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní "ewu" nínú kò lè gbé ìjà yẹn.

Bẹ́ẹ̀, lóṣù kẹta 2017, nínú ìpinnu 2349 lórí agbègbè adágún Chad, ìgbìmọ̀ kan náà ti dárúkọ àyípadà ojú-ọjọ́, ọ̀dá, àìtó omi àti àìrí oúnjẹ jẹ mọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ibẹ̀ fara rọ.

Àgbẹ̀ kòkó kan lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó na èso kan sí mi, ó ti dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó ní, "Òjò ò mọ àsìkò mọ́. Owó ò ní sí, oúnjẹ á wọ́n, ìjà á sì dé." Bó ṣe tò ó yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa tò ó.

Àbá tèmi ni "ewu ojú-ọjọ́ fún àlàáfíà". Ẹnìkan lè ní ó gùn. Fún àkọlé ìròyìn, "ewu ojú-ọjọ́" nìkan tó, bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bá ti tú u palẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ìjì àti ẹ̀fúùfù nìkan là ń wí.