Báwo lẹ ṣe ń túmọ̀ "story" nínú ìròyìn Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti atúmọ̀. A ń ṣe ìlànà ìtúmọ̀ fún ẹ̀ka Yorùbá ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Íbàdàn, "story" ló ń dí wa lọ́nà.

"Ìtàn" kì í sábà bá a mu. Bí oníròyìn bá ní "ìtàn ìjàǹbá ọkọ̀ ní Ìwó Road", bí àlọ́ ló máa rí létí olùgbọ́. "Ìròyìn" la fi síbẹ̀. Àmọ́ "his side of the story" ò lè di "apá ìròyìn tirẹ̀". "Àlàyé tirẹ̀" ló tọ́. Nínú ìròyìn kóòtù, "he changed his story" ni "ó yí ohùn padà". Kẹ́nikẹ́ni má kọ "ó purọ́": adájọ́ ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ò sì jìnnà.

Ti ilé ló le jù. "Three-story" tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ, wọ́n ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn: ìsàlẹ̀ kan, òkè méjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tó ní ìsàlẹ̀ àti òkè kan ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, bíi ti Àgbádárìgì tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845. Bí irú ilé Amẹ́ríkà yẹn bá wó, tá a kọ "alájà mẹ́ta", a ti fi àjà kan kún un nìyẹn. Ṣé ká yọ ọ̀kan ni, àbí ká kúkú kọ "ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òkè méjì"? Ẹni tó ń ka ìròyìn oníṣẹ́jú márùn-ún ò ráyè àlàyé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tún ń pe "running story", èyí tó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́? "Ìròyìn tó ń sáré" táwọn kan ń kọ ò dùn létí rárá.