Ẹ̀rọ ìfọṣọ wo ló máa rọrùn fún Màmá?

Ọmọ Mopa:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Abuja ra ẹ̀rọ ìfọṣọ oníhò iwájú, kílò méje, fi ránṣẹ́ sí Màmá láìbi ẹnikẹ́ni. Wọn ò pe èmi, wọn ò pe àbúrò mi, mọ́tò kàn já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá lò ó díẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́: ó ń fò kiri nínú yàrá, ìhó ọṣẹ ń tú jáde, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aṣọ. Ní báyìí wọ́n ti tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n gbé fọ́tò bàbá wa sórí rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa wá ń sọ kiri pé a ò moore! Mo fẹ́ tà á, kí n ra èyí tó rọrùn, kí n sì fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ kún un. Èwo ni kí n rà?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀:
Oníkòtò méjì. Ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí i, ẹ yí bọ́tìnnì, tó bá fọ̀ tán ẹ kó aṣọ sí kòtò kejì, ó fún un. Tí iná bá lọ, ẹ ṣí i, ẹ kó aṣọ yín.

Oníná Ìsánlú:
Ẹ ò sọ bí omi ṣe ń dé ilé, ẹ ò sọ irú iná tí ẹ ní, ẹ wá ń béèrè èyí tí ẹ máa rà. Ẹ̀rọ tó ń fa omi fúnra rẹ̀ kì í gba omi bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi gbọ́dọ̀ fi agbára ti ẹnu ibi tó ń gbà wọlé kó tó ṣí. Bí táńkì bá fi mítà kan ga, 0.1 bar ni agbára omi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́ 0.3 sí 0.5 bar, ìyẹn mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ńkọ́? Èyí tó ń lo wáyà gbígbóná ń jẹ 2,000 wáàtì ó lé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Nígbà ọyẹ́, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?

Ọmọ Kabba:
Oníkòtò méjì ni o. Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́.

Alátùnṣe Ẹ̀rọ:
Ẹ̀yin oníkòtò méjì, ẹ dúró ná. Aṣọ tó mu omi wúwo. Ẹ máa gbé e láti kòtò kan sí èkejì lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ tún dá a padà fún omi tútù, ẹ tún gbé e lọ fún. Tí ẹ ò bá tò ó dọ́gba nínú kòtò tó ń fún aṣọ, á máa gbọ̀n, kò ní sáré. Ọmọ Mopa, báwo ni ọwọ́ àti ẹ̀yìn Màmá?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ má dẹ́rù ba èèyàn. Kí wọ́n máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Mopa:
Táńkì wà lórí irin, ó ga ju òrùlé lọ. Alẹ́ ni iná sábà máa ń wá. Mo ti ní mo fẹ́ tà á, ẹ má gbèjà ẹ̀gbọ́n mi. Ara Màmá le, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò lágbára látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, wọn ò lè gbé e kọjá èjìká. Ọmọ àbúrò mi tó ń bá wọn fọṣọ ti padà sílé ìwé.

Alátùnṣe Ẹ̀rọ:
Áà! Èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ má tà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ò lè lo oníkòtò méjì. Èyí tó ń ṣí lókè jìn, wọ́n á tẹ̀ wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó mú aṣọ ìsàlẹ̀. Oníhò iwájú ni tiwọn, tí ẹ bá gbé e ga.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀tì gígùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n fi di dúrọ́ọ̀mù mú nítorí ìrìnàjò. Bí ẹ ò bá tú u, fífò ni á máa fò. Ẹ fi sípánà tú u, ẹ fi ike tó bá a wá dí ihò rẹ̀, ẹ tọ́jú nọ́ọ̀tì. Ìhó yẹn, ọṣẹ tí a fi ń fọwọ́ fọṣọ ni. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ "automatic" sí lára, ṣíbí ìjẹun méjì ti tó. Ilẹ̀kùn ń dúró ní ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tó parí kó tó ṣí. Kí wọ́n má fà á.

Oníná Ìsánlú:
Kí wọ́n sì máa fi omi tútù fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná ló ń jẹ nǹkan bí 2,000 wáàtì. Tí kò bá gbóná, ọgọ́rùn-ún wáàtì mélòó kan ni. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kan àmì sí ibi omi tútù, kan òmíràn sí bọ́tìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmì méjì péré. Tí iná bá lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀; ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ síwájú níbi tó dúró sí.

Ọmọ Mopa:
Ṣé kí n wá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun ló jàre? Wọ́n yẹ kí wọ́n bi wá! Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ńkọ́, lásìkò òjò?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ Màmá là ń sọ. Bí rọpárọsẹ̀ bá wà níbẹ̀, mo gbà fún Alátùnṣe. Kí wọ́n yí ìfúnṣọ sí 1,000, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, aṣọ á jáde láìkán. Ẹ ra irin ìsáṣọ tó ń ṣí bí ìyẹ́, tí kò ga ju ìbàdí wọn lọ, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Okùn ò dáa fún wọn, ọwọ́ ò dé ibẹ̀.

Ọmọ Mopa:
Ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa gbé e ga? Tábìlì ńkọ́?

Alátùnṣe Ẹ̀rọ:
Tábìlì kọ́! Ó tó 60 kílò, ó sì ń gbọ̀n. Ẹ to búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ní ìpele kan, ẹ da kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lé e, kí etí rẹ̀ yọ sókè díẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà rìn jábọ́. Gbogbo rẹ̀ á ga tó 32 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí kò fi ní mì, kí ẹ sì dì í. Rọ́bà tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde, ẹ so ó ní 60 sí 100 sẹ̀ǹtímítà láti ìdí ẹ̀rọ, kì í ṣe láti ilẹ̀. Tó bá lọ sísàlẹ̀, omi á máa ṣàn lọ bó ṣe ń wọlé, kò ní kún láé. Omi kànga dẹ̀rọ sì ń gbé yanrìn: tí omi bá ń wọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ti ẹ̀rọ omi, ẹ tú rọ́bà tó ń gbé omi wọlé, ẹ fa àwọ̀n kékeré inú rẹ̀ jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kọnkéré náà, ẹ jẹ́ kó le dáadáa fún ọjọ́ méje kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e.