Ẹ̀jẹ̀ tí mò ń retí

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ tèmi náà. Bí wọ́n bá ti fọ ilé ọmọ yín rí, tí nǹkan oṣù yín wá dín kù gan-an lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má kà á sí ìsinmi bí mo ṣe kà á sí.

Ní 2019, oyún oṣù mẹ́ta bàjẹ́ lára mi. Wọ́n ṣe D&C fún mi, ìyẹn ni pé wọ́n ha inú ilé ọmọ mi, ní ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn. Kò pé oṣù kan tí wọ́n ní ó ṣì ṣẹ́ kù nínú, wọ́n bá tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ewu wà nínú kí èèyàn ṣe é léraléra. Ó dùn mí títí dòní.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo máa ń rí nǹkan oṣù tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àmì rúsúrúsú bíi ti irin tó dógùn-ún ni mò ń rí lójú páàdì, lọ́jọ́ kan péré. Ọ̀rẹ́ mi ní owó páàdì ti dúró sí mi lọ́wọ́. Màmá ọkọ mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú, wọ́n se àgbo fún mi, mo mu ún fún oṣù mẹ́rin. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, inú á máa rún mi, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní wá.

Dókítà obìnrin kan ló ṣe síkáànù fún mi nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹyin mi já. Awọ inú ilé ọmọ mi ò ju mìlímítà 4 lọ, ó fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ ní ewúro lẹ́yìnkùlé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. "Bí ẹ bá já a, ṣé kì í tún rúwé? Tí ẹ bá wá fi ọkọ́ ha gbòǹgbò rẹ̀ ńkọ́?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Awọ òkè ló máa ń wálẹ̀ lóṣooṣù, ti ìsàlẹ̀ kì í kúrò, òun ni gbòǹgbò. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó lọ́ bí ìwo àgbò ló ń bọ́ awọ òkè. Bí àwọn iṣan náà bá fún pọ̀, awọ òkè á kú, á sì já bọ́. Ara á wá tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní VEGF jáde, òun ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ bí ọ̀mùnú. Kó tó di ọjọ́ kẹfà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ojú egbò náà ti bò. Estrogen, èròjà kan láti ilé ẹyin, á wá mú kí awọ náà nípọn. Nǹkan bí 400 ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láyé obìnrin, láìní àpá kankan. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run!

Tèmi ti ní àpá. Wọ́n ti ha awọ ìsàlẹ̀ jù, ògiri ilé ọmọ bá lẹ̀ mọ́ra, iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í sì í hù dáadáa nínú àpá. Asherman lorúkọ àìsàn náà, orúkọ dókítà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948.

Wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, wọ́n gé ibi tó lẹ̀ pọ̀, wọ́n fi bàlúùnù kékeré sí i kí ó má baà lẹ̀ padà. Mo lo oògùn estrogen lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún lẹ̀ pọ̀ díẹ̀, a tún padà lọ. Wọn ò tàn mí pé dandan ni kó ṣiṣẹ́. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí oyún bá dé, kí n tètè sọ ìtàn yìí fáwọn tó máa tọ́jú mi, torí ibi ọmọ lè rì wọnú ẹran ilé ọmọ.

Nínú síkáànù tó tẹ̀ lé e, awọ náà ti nípọn dé mìlímítà 7.6. Lóṣù yẹn, mo jí ní ìdájí, ìró mi ti tutù. Mo tan iná, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò. Mo jí ọkọ mi, a jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, à ń sunkún.