Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ gíráàfù nínú IELTS?

Nọ́ọ̀sì Ìtókù, Abẹ́òkúta:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Nọ́ọ̀sì ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ìyá mi ní Ìtókù ni mo ti ń kàwé. Mo ti ṣe IELTS Academic, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa tó fẹ́ lọ sókè òkun, lẹ́ẹ̀mejì. Listening 7.5, Reading 7, Speaking 7. Writing nìkan ló ń dá mi dúró: 6 lákọ̀ọ́kọ́, 6 lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì mọ̀ pé 6.5 ni NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè nínú Writing, 7 nínú àwọn mẹ́ta yòókù. Ìdajì péré ló kù mí kù.

Àròkọ méjì ló wà nínú Writing. Èkejì kì í fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ti àkọ́kọ́ ni, níbi tí wọ́n ti ń gbé gíráàfù síwájú èèyàn pé kó ṣàlàyé rẹ̀. Níbi tí mo ti gba lẹ́sìnnì, wọ́n fún wa ní gbólóhùn bí ogún pé ká há a sórí. Mo há a. Tí mo bá wá jókòó, gbogbo iye tó wà nínú àwòrán ni mo máa ń kà, mi kì í fo ẹyọ kan. Síbẹ̀, 6 náà ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tún jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Àké, Leeds:

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Gbogbo iye tó ò ń kà yẹn gan-an ló ń fà ọ́ sẹ́yìn. Ìbéèrè náà ní kó o ṣàkópọ̀, kó o ṣa àwọn kókó, kó o sì fi wọ́n wéra. Kò ní kó o kà á tán.

Rántí ọjọ́ tó o kọ́kọ́ gun Òkúta Olúmọ. Nígbà tó o dé òkè tó o bojú wolẹ̀, kí lo rí? O ò ka ilé. Páànù tó ti dípẹtà ló tẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, Odò Ògùn gba apá kan kọjá. Bí ẹni tí kò dé Abẹ́òkúta rí bá ní kó o júwe ìlú fún òun, ibẹ̀ lo máa ti bẹ̀rẹ̀, kó o tó wá dárúkọ Sàpọ́n àti Kútọ̀. Bí o ṣe máa wo gíráàfù nìyẹn. Fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta, má kọ nǹkan kan. Máa wò ó láti òkè. Èwo ló ga jù? Èwo ló ń lọ sílẹ̀? Èwo ni kò kúrò lójú kan? Ibo ni ìlà méjì ti pàdé?

Ohun tó o bá rí láti òkè yẹn ni wọ́n ń pè ní overview, gbólóhùn kan tàbí méjì. Ìlànà tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń fúnni ní máàkì wà níta gbangba fún gbogbo èèyàn, wá a kà. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa Task Achievement, ìyẹn bí èèyàn ṣe dáhùn ìbéèrè, band 5 (máàkì 5) ni ẹni tó kàn ń to iye lé ara wọn láìsí overview tó yéni. Ẹni tó ní overview, tó sì ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ti dé 6. Kí overview náà ṣe kedere ló ń gbé èèyàn dé 7. Èmi náà gba 6 nígbà àkọ́kọ́ mi nítorí pé ìparí pátápátá ni mo fi tèmi sí, àkókò sì tán kí n tó dé ibẹ̀. Látìgbà náà, kété lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ ọ́, kí n tó fọwọ́ kan iye kankan.

Jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fi orí ara mi gbé iye wọ̀nyí kalẹ̀ o. Ká ní gíráàfù kan fi yáàdì aṣọ tí wọ́n tà hàn, láti Jánúárì sí Épírì ọdún 2019. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Àdìrẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40, ó di 45, ó fò di 90 ní Máàṣì, ó sì já wá sí 50. Àǹkárá bẹ̀rẹ̀ láti 60, ó wá ń fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: 58, 55, 52. Bi ìyá rẹ pé báwo ni ọjà ṣe rí. Wọ́n á ní, “Àǹkárá ń rẹlẹ̀ ṣáá, àmọ́ àdìrẹ tà gan-an ní Máàṣì.” Overview rẹ ti délẹ̀! Wọn ò dárúkọ iye kankan. Fi Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ wọ̀ ọ́: “Overall, sales of ankara fell slightly over the four months, while adire sales peaked sharply in March.”

Lẹ́yìn náà, pín ìyókù sí ìpínrọ̀ méjì. Ìpínrọ̀ kan fún àdìrẹ, ìkan fún àǹkárá, ibẹ̀ sì ni iye ti ń wọlé. Fún àdìrẹ, mú 40 àti 90 àti 50. Máa fo 45 kọjá, kò sí ohun tó fẹ́ sọ. Fún àǹkárá, 60 àti 52 ti tó. Sọ pé àǹkárá ló ṣíwájú ní oṣù méjì àkọ́kọ́, kí àdìrẹ tó gba iwájú rẹ̀ ní Máàṣì, nítorí pé ìfiwéra ni wọ́n ń wá.

Má sọ ìdí. Ìwọ ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún Lísàbí ló mú kí àdìrẹ tà, ṣùgbọ́n gíráàfù náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú rí ni kó o kọ. Ìmọ̀ràn rẹ àti èrò rẹ, tọ́jú wọn de àròkọ kejì.

Gbólóhùn ogún yẹn, mi ò ní kó o gbàgbé wọn. Ohun mìíràn ni pé bí o bá da ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọn kì í kà á mọ́ ọ, o sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ má dé 150 ọ̀rọ̀ tí wọ́n béèrè.

Ìyá Ìbejì, Calgary:

Ẹ kú ìjíròrò. Kí ẹlòmíràn tó ń ka èyí má baà fi owó ṣòfò, ẹ jẹ́ n tètè sọ̀rọ̀ kan: bó bá jẹ́ Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ wọ̀lú, lẹ fẹ́ gbà wá sí Kánádà níbí, oríṣi IELTS kejì, General Training, ni wọ́n ń gbà, kò sì sí gíráàfù níbẹ̀. Lẹ́tà ni. Ọkọ mi fi oṣù kan gbáko kọ́ gíráàfù kí ẹnì kan tó là á lójú. Àwọn tó ń lọ sí yunifásítì àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìlú Ọba lẹ ni Academic. Ẹ má sì jẹ́ kó ti yá jù, nítorí ọdún méjì ni wọ́n máa ń gba èsì rẹ̀ mọ.

Nọ́ọ̀sì, aago rẹ ńkọ́? Wákàtí kan ni gbogbo Writing, àròkọ kejì sì wúwo ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé gíráàfù tó ò ń kà tán yẹn ti ń jẹ àkókò èkejì mọ́ ọ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìtókù, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín ká mi lára. Ìṣẹ́jú 30 ni mo ń lò lórí gíráàfù, nígbà míì ó tún ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Àké, Leeds:

Ìṣẹ́jú 20, kò gbọdọ̀ lé. Mẹ́ta sí mẹ́rin láti wò ó, bíi mẹ́tàlá láti kọ ọ́, ìyókù láti ṣàtúnṣe. Bí aago bá ti lù, kúrò níbẹ̀.

Ìgbà àtúnṣe yẹn, ohun mẹ́ta ni kó o máa wá, nítorí èdè wa ló ń bá wa wọ ibẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó lọ sókè. Ní Kútọ̀, bí a bá ní “ìrẹsì ti lọ sókè”, gbogbo ayé mọ̀ pé owó rẹ̀ la ń sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò, “rice increased” kò dúró. Owó rẹ̀ ni, àbí iye tí wọ́n tà? “The price of rice increased.” Bákan náà ni “Germany increased”. Jámánì ò kúrò níbi tó wà. “The figure for Germany” ló lọ sókè.

Èkejì ni “to” àti “by”. Bí nǹkan bá kúrò ní 40 tó dé 60, ó “increased to 60”, ó “increased by 20”. Bó o bá ṣì wọ́n mú, o ti parọ́ mọ́ gíráàfù. Ó tún wá le sí i bó bá jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 40% sí 60%, “20 percentage points” lo máa kọ. Bó o bá kọ “by 20%”, ohun mìíràn lo sọ yẹn, nítorí pé 20 jẹ́ ìdajì 40, ìyẹn 50%.

Ẹ̀kẹta ni àsìkò. “Lọ” wa kì í yí padà: ó lọ lánàá, ó ń lọ, yóò lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń yí. Wo ọdún tó wà lábẹ́ gíráàfù kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá ti kọjá, “rose, fell” jálẹ̀jálẹ̀. Bó bá jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, “is expected to rise”.

Nọ́ọ̀sì Ìtókù, Abẹ́òkúta:

“Rice increased” yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé mi wò, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ló kù: bó bá jẹ́ àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n gbé wá ńkọ́? Kò sí iye níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Tíṣà Ìbàrà, Abẹ́òkúta:

Ọmọ mi, mi ò sí lókè òkun, ẹnì kan ló fi mí kún yín. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ní ìlú yìí, mo sì ti rí àṣìṣe kan náà nínú ìwé àwọn ọmọ wa láìmọye ìgbà. Yorùbá kò ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní passive. Bí a kò bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, tàbí tí ẹni náà kò ṣe pàtàkì, “wọ́n” là ń lò. Wọ́n fọ aṣọ, wọ́n sá a. Ó dùn létí, kò sì sí ẹni tó máa béèrè pé àwọn wo. Ọmọ wa á wá gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì: “They wash the cloth, they dry it.” Olùyẹ̀wò á máa wá “they” nínú àwòrán, kò ní rí i. Nǹkan tí wọ́n ń ṣe ni Gẹ̀ẹ́sì máa gbé síwájú: “The cloth is washed and dried.”

Ìtókù lo wà, má wá ìwé lọ síbì kankan. Lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn aláró pẹ̀lú bírò. Wọ́n á po lafún di ẹ̀kọ. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a kó gbẹ. Wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á yọ ọ́. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń dà bí ewé, afẹ́fẹ́ á wá kàn án, á di dúdú bí aró ṣe ń dúdú. Wọ́n á tún rì í, títí á fi dùn wò. Wọ́n á wá fọ ẹ̀kọ náà kúrò, ibi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́nà ni iṣẹ́ á ti yọ. Ka “wọ́n” tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, kó o sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di “is” tàbí “are”.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbi kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kan aṣọ tó yí àwọ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò ṣe é. Aṣọ ló yí fúnra rẹ̀. “The cloth turns blue” ni, kì í ṣe “is turned”. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ passive ló máa ń fi í sí gbogbo ibi.

Overview ibẹ̀ rọrùn ju ti gíráàfù lọ. Ka ìpele, sọ iye tí wọ́n jẹ́, sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó tán.

Nọ́ọ̀sì Ìtókù, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣé, bàbá wa. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró ní ọ̀sán yìí. Ẹ bá mi wò ó: “First, starch paste is painted onto white cloth with a feather. After it has dried, the cloth is dipped in indigo dye for three times, and it turns blue in the air. Finally, the paste is washed off.”

Ọmọ Àké, Leeds:

Àbúrò, ó dára gan-an! Ibì kan ni kó o tún ṣe: yọ “for” kúrò. “Fún ìgbà mẹ́ta” ti wa ló bá ọ wọlé. “Dipped three times” ni ti wọn. Overview kò sì tíì sí níbẹ̀. Kọ ọ́ sókè, kó o wá kọ ti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ yẹn lódindi, fi ìṣẹ́jú 20 sórí fóònù. Fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Aago mẹ́wàá ni mo máa kúrò níbi iṣẹ́, mà á kà wọ́n nínú bọ́ọ̀sì.