Láàárín "ẹ̀ṣọ́", "onídùúró" àti "alábòójútó"

Ẹ̀yin ojúgbà mi, mo fara balẹ̀ ka àbá tí ó wà níwájú wa, pé kí a máa pe òṣìṣẹ́ tí ilé-ẹjọ́ yàn láti máa tọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi sọ́nà láàárín ìlú, láìsọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ní "ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ìta". N kò lè fara mọ́ ọn. Ẹni tí wọn kò sọ sẹ́wọ̀n kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kò sì ju kí ènìyàn má sá lọ.

"Onídùúró" tí ẹlòmíràn dábàá wú mi lórí, nítorí pé bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1841, John Augustus, tí ó ń ṣe bàtà ní Boston ní Amẹ́ríkà, dúró fún ọ̀mùtí kan níwájú adájọ́, ó sì mú un padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìwà tí ó ti yí padà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ òde òní kì í fi ohun ìní rẹ̀ dúró fún ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹjọ́ ni ó ń jábọ̀ fún, bí ẹni náà bá sì da àdéhùn, òun ni yóò fi í sùn. Onídùúró kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi yan "alábòójútó ìwà". A ń bójú tó ọmọ, a sì ń bójú tó iṣẹ́: ìtọ́jú àti ìṣọ́ jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àpapọ̀ méjèèjì gan-an ni ó sì mú iṣẹ́ náà nira.

Ní ti ẹni tí ó ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀ jókòó pọ̀, "onílàjà" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìjà ni a ń là. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ba dúkìá àwọn ará Elmira jẹ́ ní Kánádà ní 1974, tí alábòójútó kan sì mú wọn láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n lọ fojú kan àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, onílé wo ni ó bá wọn jà? Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a wo "atọ́kùn ìpàdé". Mo mọ̀ pé etí ọ̀pọ̀ yín gbọ́ rédíò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn eégún ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, atọ́kùn a sì máa darí eégún láìgba ijó jó fún un.